Ta ni yóò tọ́jú ọkàn wa, bí owó oṣù olùtọ́jú kò bá tó jẹun?

Bí ẹ bá sọ fún èèyàn mẹ́wàá nígboro Ìbàdàn pé iṣẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, èyí tí òyìnbó ń pè ní psychologist, ni ọmọ yín ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ nínú wọn béèrè pé, “Ṣé dókítà wèrè ni?” Àwọn méjì tó kù yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè iye tí wọ́n ń san fún un lóṣù. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká ya àwọn méjì sọ́tọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ti jáde, òun ló sì ń kọ oògùn. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kì í kọ oògùn. Òun ló ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tó ń ṣàyẹ̀wò ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí, tó ń gbọ́ ti ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò, ti ọmọkùnrin tí oògùn olóró ti di bárakú fún, àti ti opó tí kò rí oorun sùn láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé nílẹ̀ wa, a kì í fẹ́ sanwó ọ̀rọ̀ ẹnu. A máa ń pa á lówe pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n tó bá kan irú ọ̀rọ̀ yìí, obì kì í jáde nínú àpò wa. Ìyá aláìsàn á ní, “Ọ̀rọ̀ náà lẹ kàn ń bá a sọ yẹn? Ẹ ò fún un lábẹ́rẹ́?”

Bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n kà kì í ṣe kékeré. Ọdún mẹ́rin ni ní yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún 2020 àti 2022 mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí oṣù mẹ́jọ gbáko ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022 nìkan. Lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀ ọdún kan, kí wọ́n tó tún padà lọ gba oyè kejì, kí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn. Kí ẹni náà tó jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ti ra ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ìròyìn ní yunifásítì, èmi àti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá jọ máa ń jókòó nínú kíláàsì kan náà fún àwọn iṣẹ́ kan. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀, ọ̀kan wà nídìí káńtà ní bánkì lónìí, ọ̀kan ń gbani síṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan, ọ̀kan sì ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró sínú iṣẹ́ náà, nílé ìwòsàn ìjọba.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, àtẹ owó oṣù méjì ló wà. Àwọn dókítà ń gba ti CONMESS. Àwọn tó kù, nọ́ọ̀sì, apòògùn, títí kan onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ń gba ti CONHESS. Àríyànjiyàn lórí bí ìjọba ṣe ń tún ti àwọn dókítà ṣe tí ti àwọn yòókù ń dúró sójú kan ti pẹ́ gan-an. Òun wà lára ohun tó mú kí JOHESU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan lọ́dún 2018. N kò ní kí wọ́n gé owó dókítà o. Owó tiwọn náà kò tó. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ dá lórí bí àpò gómìnà bá ṣe rí, ti ilé ìwòsàn aládàáni sì dá lórí ojú àánú olówó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sínú ìwé owó oṣù kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an. Ohun tí owó náà lè rà ni. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di N30,000 lọ́dún 2019, ó lé ní ọgọ́rin dọ́là. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di N70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, nǹkan bíi dọ́là mẹ́rìnlélógójì ló jẹ́. Owó náà lé sókè lórí ìwé, ó wálẹ̀ lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹni tó ń gba N200,000 ṣe àpẹẹrẹ. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó yẹn lè ra epo bẹntiróòlù tó lé ní ẹgbẹ̀rún lítà nílùú Èkó. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, lítà kan ti kọjá N1,000 níbi púpọ̀, owó kan náà kò sì ra igba lítà mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní mọ́tò, ṣùgbọ́n dánfó àti kòròpe kì í mu omi.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Ẹnì kan jókòó láti àárọ̀, ó ń tẹ́tí sí ẹni tó fẹ́ para rẹ̀, ó tún ń tẹ́tí sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní láti fara balẹ̀, kò gbọdọ̀ yán, kò gbọdọ̀ wo aago. Síbẹ̀ lọ́kàn tirẹ̀, ó ń ṣírò bóyá kí òun fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé kí owó lè ṣẹ́kù. Ẹni tí ebi ń pa kì í fetí gbọ́rọ̀ dáadáa. Ta ni ó ń tọ́jú ọkàn tiẹ̀?

Àwọn kan ti ya ibi tiwọn sílẹ̀. Wọ́n gba yàrá ní Lẹ́kí tàbí Íkòyí, owó tí wọ́n ń gbà fún wákàtí kan kò sì jẹ́ kí tálákà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. N kò dá wọn lẹ́bi, wọ́n san owó ilé, wọ́n ra dísù. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tí kò kàwé ohunkóhun, tí wọ́n ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn lórí Facebook, tí wọ́n sì ń gbowó ju ẹni tó fi ọdún méje kọ́ ọ lọ.

Ibi tí àwọn tó kù ń lọ kò ṣòro láti mọ̀. Ní Bìrìtìkó, ipele keje nínú àtẹ NHS, níbi tí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ £46,148 lọ́dún 2024 sí 2025. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yára sọ ọ́ di náírà bí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi ṣe máa ń ṣe, torí owó ilé ní Peckham kì í ṣe náírà, owó orí níbẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé àṣẹ HCPC pàápàá kò rọrùn láti gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á, yóò jẹun, yóò wọkọ̀, yóò sì sùn láìṣírò.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún 1954 ni Àrò bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo sì fi aláìsàn sí àwọn abúlé àyíká, láàárín ẹbí àti ará, tí gbogbo àgbáyé fi wá wo bó ṣe ṣe é. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin tó ti wà láti ayé àwọn amúnisìn. Òfin náà fi ẹ̀tọ́ aláìsàn sí i, ó sì sọ̀rọ̀ owó àkànṣe. Ọdún tó ṣáájú ni òfin NHIA sọ pé kí gbogbo wa ní ìṣedúró ìlera. Kí wọ́n fi ìjókòó pẹ̀lú onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá sábẹ́ ìṣedúró náà ní kíkún, kí ilé ìwòsàn rí owó gbà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì tún CONHESS ṣe. Ẹni bá ní ìjọba kò lówó, kí ó ka iye mọ́tò tí wọ́n ń rà fún àwọn aṣòfin.

Ẹnìkan á ní tíṣà ńkọ́, ọlọ́pàá ńkọ́? Òótọ́ ni, ìyà ń jẹ àwọn náà. Ṣùgbọ́n bí tíṣà kan bá lọ, ẹlòmíràn lè gba kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Aláìsàn tó ti fi oṣù mẹ́fà tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹnì kan kò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹ̀lú àjèjì.

Ọ̀rẹ́ mi tó dúró sínú iṣẹ́ náà ti sanwó ìdánwò IELTS. Ó ní aláìsàn mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́wọ́ òun báyìí, òun kò sì tíì sọ fún èyíkéyìí nínú wọn.