Ọyẹ́ àti Eérú Bọ́ǹbù

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí eruku bo orí tábìlì àti ẹnu ìkòkò, ìbéèrè kan kì í ṣàì dé ọ̀dọ̀ wa: ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé eruku yìí ń ru májèlé bọ́ǹbù àwọn Faransé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Fẹ́búárì 1960 ni Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane ní ilẹ̀ Àlgéríà, ibi tí ó jìnnà sí wa ju 2,000 kìlómítà lọ. Wọ́n yin mẹ́ta mìíràn sí gbangba títí di oṣù Épírì 1961. Nígbà tí ẹ̀kẹta dún ní ọjọ́ 27 oṣù Dìsẹ́ńbà 1960, ìjọba Tafawa Balewa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: ní ọjọ́ 5 oṣù Jánúárì 1961, ó já okùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Faransé, ó sì lé aṣojú wọn lọ. Ìjọba tí òmìnira rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ni!

Iná bọ́ǹbù a máa sọ iyanrìn di eérú, afẹ́fẹ́ a sì gbé e kiri kí ó tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìtàn Mósè àti eérú ìléru ní Íjíbítì yóò tètè lóye. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, eérú yìí kì í yọ oówo. Inú ara ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ tó hàn. Èyí tí ó kan ọmọdé jùlọ ni ayodíìnì. Ó ń bọ́ sórí koríko, màlúù a jẹ ẹ́, ó di wàrà, ọmọ a mu ún, a sì lọ jókòó sí ibi ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí. Ní erékùṣù Rongelap nínú òkun Pàsífíìkì, lẹ́yìn bọ́ǹbù ńlá tí Amẹ́ríkà yìn ní ọjọ́ 1 oṣù Máàṣì 1954, eérú funfun rọ̀ lé àwọn ará ibẹ̀ lórí, àwọn ọmọdé sì fi ṣeré. Nígbà tí ó yá, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ náà ni kókó yọ sí lọ́rùn. Sitirọ́ńṣíọ́ọ̀mù ń wọ egungun ní tirẹ̀, sísíọ́ọ̀mù sì ń wọ ẹran ara.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ọyẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ 8-8 ni ayodíìnì yìí ń dín sí ìdajì. Ti bọ́ǹbù Reggane ti tán láti ìgbà pípẹ́. Àwọn méjì ìyókù ń lo bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dín sí ìdajì, nítorí náà bí ìdámẹ́rin wọn ni ó ṣẹ́kù, ó sì ti fọ́n káàkiri ayé. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ wa ni ó sì ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá, kì í ṣe Reggane. Nígbà tí eruku Sàhárà dé Faransé fúnra rẹ̀ ní 2021, wọ́n bá sísíọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí kò tó láti pa ènìyàn lára. Àwọn onímọ̀ sì rí i pé àmì bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà ni ó wà lára eruku náà. Eruku lásán tó ohun tí ń fa ikọ́ àti èémí líle. Ẹ bo omi àti oúnjẹ yín nítorí rẹ̀.

Àwọn tí a ṣàánú jùlọ ni àwọn ará Reggane àti In Ekker. Ní In Ekker, ní ọjọ́ 1 oṣù Méè 1962, bọ́ǹbù tí wọ́n yìn sínú òkè là á, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn sójà àti àwọn mínísítà méjì tí ó wá wòran. Òfin tí Faransé ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù Jánúárì 2010 ní láti san owó ìtanràn fún àwọn tí ó fara gbá a, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni ó tíì dé ọwọ́ ará Àlgéríà. Nígbà tí Faransé kúrò, wọ́n ri irinṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn; àwọn aládùúgbò hú irin àti wáyà jáde, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n sì tà á, nítorí kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wọn. Ìjọba Àlgéríà ti béèrè àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi ibi tí wọ́n rì wọ́n sí hàn.