Ẹni Tí Ó Gba Epo Sílẹ̀ Náà Jalè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ahọ́n ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ, tí ó sì fi ìṣirò sí ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ìbéèrè kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ní àkókò yìí. Ǹjẹ́ fífòòró ẹni lórí ẹ̀rọ ayélujára tó ohun tí ènìyàn lè kà sí ọ̀ràn ńlá? Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi rẹ̀ wà? Àwọn àgbà kan a máa fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Wọn a ní èébú kì í lẹ̀ mọ́ni lára, kí ẹni tí wọ́n ń bú pa fóònù rẹ̀, kí ó lọ sùn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwáwí tiwọn. Wọn a ní: "Èmi kọ́ ni mo ya fídíò náà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni, èmi náà sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn." Àwọn baba ńlá Yorùbá ti dá irú ẹjọ́ yìí kí ẹ̀rọ tó dé: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, fídíò kan gba ìlú Èkó kan. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 10. Ohun tí kò yẹ kí ojú rí ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbogbo ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ìgbà díẹ̀ kí ìwádìí lè wáyé. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní hàn nínú ìwé yìí, nítorí ẹni tí ó bá dárúkọ rẹ̀ ti tọ́ka sí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ní ọjọ́ iwájú tí yóò lò.

Àríyànjiyàn pọ̀ nígbà náà lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti lórí ohun tí àwọn àgbà mọ̀ àti èyí tí wọn kò mọ̀. Ohun kan wà tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Àwọn ọmọdé díẹ̀ ni ó wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi fídíò náà ṣọwọ́ sí ara wọn kò lóǹkà. Ẹlòmíràn nínú wọn tilẹ̀ kọ ìwàásù sí abẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ayé wá wo ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń ṣe. Àwọn tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ni wọ́n ń gbé ìtìjú ọmọ ọlọ́mọ kiri láti fóònù dé fóònù. Ìjọba Èkó ní láti rán ará ìlú létí pé abala 135 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2015 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó pín in ká wà lára àwọn tí òfin náà ń bá wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò lè pa ènìyàn, kí ó gbọ́ ohun tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ ìlú Marquette ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 kan náà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan níbẹ̀ rò pé ọmọbìnrin kan ni òun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Àṣé àwọn ọkùnrin tí wọ́n wà ní Nàìjíríà ni. Wọ́n tan àwòrán ìhòòhò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ pé àwọn yóò fi í han àwọn òbí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí kò bá sanwó. Ó san 300 dọ́là, wọ́n ní kò tó. Nígbà tí ó sọ fún wọn pé òun yóò pa ara òun, wọ́n ní kí ó tètè ṣe é. Láàárín òru kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òru náà ni ọmọ náà sì kú.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó, Samuel àti Samson Ogoshi, ni Nàìjíríà fà lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní ọdún 2023 lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, adájọ́ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 24, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 21. Ìyá kan ní Michigan sin ọmọ, ilé kan ní Èkó sì pàdánù ọmọkùnrin méjì sí ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ òkèèrè. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ "Yahoo" ṣe ẹ̀fẹ̀ ka ìtàn yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fún ìhàlẹ̀ àwọn ọkùnrin náà ní agbára? Agbára rẹ̀ kò ju èyí lọ: ó dá ọmọ náà lójú pé bí àwòrán náà bá bọ́ síta, àwọn ènìyàn yóò wò ó, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ síwájú. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gba epo sílẹ̀, ta ni yóò gun àjà?

Ẹni tí ó bá ń gbé Àgídìngbì kò yẹ kí ó ṣàì mọ ohun tí ìgbéròyìn jáde ń béèrè. Ní àdúgbò yìí ni iléeṣẹ́ Radio Lagos àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Èkó, LTV, wà. Kí ìròyìn kan tó jáde láti irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, akọ̀ròyìn yóò kọ ọ́, olóòtú yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ NBC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, lè bá iléeṣẹ́ tí ó bá ṣi ẹnu sọ wí. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bá ní ẹnìkan ni ó fún òun ní ìwé náà, pé òun kàn kà á ni, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́ tí ó jáde ní iléeṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń dúró de ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ní iléeṣẹ́ rédíò tirẹ̀ nínú àpò. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba ènìyàn 1,024. Bí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó lè bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, kò sì sí olóòtú kan níwájú rẹ̀ ju ìbẹ̀rù Ọlọ́hun lọ. Iléeṣẹ́ WhatsApp pàápàá mọ ibi tí iná ti ń jó. Ní ọdún 2019, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ síwájú sí ju ojú ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ó dín in kù sí ibi 1 fún èyí tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ó sì kéde pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ìdá 70 nínú 100 dínkù. Àwọn tí wọ́n ni ẹ̀rọ mọ̀ pé ọwọ́ tí ń tari ọ̀rọ̀ síwájú ni iná náà fi ń ràn.

Ẹ̀sìn Islāmù kò bá ọ̀rọ̀ yìí lálejò. Nínú Sūratu-n-Nūr, bẹ̀rẹ̀ láti āyat 11, ni Ọlọ́hun ti ṣe ìdájọ́ lórí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Ā'íṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Abdullah bin Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì ìlú Mẹ̀dínà, ni ó wà nídìí irọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìtàn dárúkọ pé wọ́n jẹ ẹgba nítorí rẹ̀, Misṭaḥ, Ḥassān àti Ḥamnah, Mùsùlùmí ni wọ́n. Misṭaḥ tilẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ja ogun Badr. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá irọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n gbà á ní ẹnu ẹlòmíràn, wọ́n sì gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà dé ilé Abū Ayyūb. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, ó sì kú sí ilé wọn.

Òfin ilẹ̀ yìí náà ní ohun tí ó sọ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọdún 2015, fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ nínú abala 24 rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé àwọn aláṣẹ fi abala náà mú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tí wọ́n sọ òtítọ́ sí wọn lójú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ kí ìjọba àpapọ̀ tún un ṣe. Wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó béèrè ibi tí owó ìlú wọlé sí kò fòòró ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fi ìrísí, àìsàn, àṣìṣe tàbí ìhòòhò ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ṣe ẹ̀sín ní gbangba ni afòòró-ẹni.

Kò yẹ kí ẹ̀bi yìí bọ́ lọ́rùn ẹni tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni olórí olè. Òbí tí ó ra fóònù fún ọmọdé láìkọ́ ọ ní ìlò rẹ̀ ti fún un ní àdá láìfi èèkù hàn án. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rù débi pé kò lè sọ fún un pé ẹnìkan ń halẹ̀ mọ́ òun ní ẹ̀bi tí ó tún wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀bi sì wà ní ilé Ọlọ́hun náà. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n fi bísímíláhì ṣí, àwòrán arábìnrin kan tí ó bọ́ ìbòrí níbi ìnáwó a máa rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọn a sì pè é ní ìṣítí. Ìkọ̀kọ̀ ni ìṣítí ń gbé. Èyí tí ènìyàn bá ṣe lójú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹ̀sín ni. Alákòóso ẹgbẹ́ tí ó rí i tí kò pa á rẹ́ ti gba epo sílẹ̀.

Ohun tí ó kù ni ìṣe. Kí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ̀ pa á rẹ́, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó fi ránṣẹ́ pé kò dára. Bí ọmọdé bá wà nínú rẹ̀, kí ó fi tó òbí ọmọ náà létí tàbí kí ó pe àjọ DSVA ti ìjọba Èkó. Kí ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ má ṣe sanwó, nítorí 300 dọ́là kò tẹ́ wọn lọ́rùn ní Marquette. Kí ó tọ́jú orúkọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí ó sì jí àgbà kan sọ fún ní òru náà gan-an. Kí àgbà tí wọ́n bá jí gbọ́ tán kí ó tó bínú.

Fídíò mìíràn yóò dé, bóyá kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó pé. Ọwọ́ Mùsùlùmí tí ó bá dé ni kí ó kú sí. Kí Ọlọ́hun bo àṣírí gbogbo wa. Āmīn.