Ta Ni Wolé-wolé ní Koumassi Remblais?

Ní àdúgbò Koumassi Remblais, ní ìlú Abidjan, kò sí ẹni tí ó nílò agogo kí ó tó mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Òórùn ẹja tí wọ́n ń dín ni agogo wọn. Télọ̀ a gbé aṣọ sílẹ̀, mẹkáníìkì a nu ọwọ́ sí àkísà, ọmọ Ẹ̀jìgbò tí ó ń tajà a fi ìsọ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, oníkálukú a sì máa wá ibi tí yóò ti jẹun. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹun tán tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí ó pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ méjì, tí ó sì tún sanwó oògùn, ìṣẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwàdà kan wà tí àwọn ọmọ Abidjan máa ń dá, tí àwọn Ànàgó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, náà sì ti kọ́. Wọ́n ní garba tí ó bá dùn kì í ti ibi tí ó mọ́ wá. Ibi tí eṣinṣin bá pọ̀ sí ni adùn wà. Garba yìí ni attiéké, èyíinì ni gbágùúdá tí a rin, tí a mú kí ó kan díẹ̀, tí a sì fi ooru omi sè, pẹ̀lú ẹja tuna dídín, àlùbọ́sà àti ata tútù. Láti ara orúkọ Dicoh Garba, mínísítà nígbà ìjọba Ààrẹ Houphouët-Boigny, ni oúnjẹ náà ti gba orúkọ. Oúnjẹ náà kò ní ẹ̀bi. Attiéké fúnra rẹ̀ ti dé ipò gíga, nítorí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwàdà eṣinṣin ni ó burú. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀gbin ṣe ẹ̀rín, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á láti bá olóúnjẹ wí mọ́.

Àwọn tí ọwọ́ wọn gbòòrò díẹ̀ ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n a kọjá lára oní-garba, wọ́n a wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní maquis, èyí tí ó ní táìlì nílẹ̀ àti fáànù lókè, ọkàn wọn a sì balẹ̀. Aṣọ tábìlì kì í fọ abọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ yékéyéké pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ láìgbóná, láìsí nínú ẹ̀rọ amóhuntutù, ju wákàtí méjì lọ. Ọbẹ̀ tí wọ́n sè ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, tí ó ti tutù títí di agogo kan ọ̀sán, ewu kan náà ni, ìbáà jẹ́ orí táìlì ni wọ́n gbé e kà tàbí orí pákó.

Ọ̀rọ̀ tuna gba ìdúró díẹ̀. Abidjan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté ẹja tuna tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí ó dára nínú rẹ̀ a lọ sí ilé-iṣẹ́ alágolo, a sì ti ibẹ̀ ré kọjá sí Yúróòpù. Èyí tí ó kéré tàbí tí ó ní àbùkù ni ọjà ìlú ń rà, wọ́n sì ń pè é ní faux poisson, bí ẹni pé ayédèrú ẹja ni. Bí tuna bá kú tí yìnyín kò sí nítòsí, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí a bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohun kan jáde nínú ẹran ara rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní histamine. Iná kò ran ohun náà. Kí wọ́n dín ẹja náà títí yóò fi gbẹ bí igi, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè rò pé ata ni ó ń ta òun lẹ́nu. Láìpẹ́ ojú rẹ̀ a pọ́n, orí a máa fọ́ ọ, ara a máa yún un, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì. Lọ́pọ̀ ìgbà a máa lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹlòmíràn a sì fi í sùn ọ̀tá. Ọ̀tá kankan kò sí níbẹ̀ bí kò ṣe yìnyín tí ẹnìkan kọ̀ láti rà.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ni ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n lọ wo ibi tí yóò ti jẹun lọ́sàn-án, nígbà tí ẹja ń dé. Ṣé inú kúlà oníyìnyín ni ó wà, tàbí inú àpò nínú oòrùn? Kí ó wo ọ̀bẹ pẹ̀lú. Ọ̀bẹ tí ó la inú ẹja, tí wọn kò fọ̀, tí ó sì bọ́ sórí àlùbọ́sà tí a óò jẹ ní tútù, ti ba gbogbo iṣẹ́ iná jẹ́. Kí ó wo omi ìfọwọ́, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ garba: abọ́ kan ṣoṣo tí ogún ènìyàn ti ki ọwọ́ bọ̀ kì í ṣe omi mọ́, ṣùgbọ́n bútà tí ń da omi mímọ́ síni lọ́wọ́, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wọ́n. Ní ti èrò púpọ̀, ẹ̀rí díẹ̀ ni, nítorí oúnjẹ tí ó ń tètè tán kì í dúró kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wolé-wolé a máa wọ agbo ilé, a ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, a sì mú ẹlẹ́bi lọ sí kóòtù. Wọ́n fi í kọrin, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù òde òní, Yorùbá tí ó fẹ́ jẹun ní Peckham lè wo ilẹ̀kùn bóyá òǹkà tí ìjọba fún ilé oúnjẹ náà, láti 0 dé 5, wà níbẹ̀. Ní Wales, láti ọdún 2013 ni ó ti di dandan láti lẹ̀ ẹ́ síta. Ní Remblais, ẹni tí ebi ń pa ni wolé-wolé ara rẹ̀.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ìjọba wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2024, Cissé Bacongo, tí ó di méyà Koumassi ní ọdún 2018 kí ó tó jẹ́ Gómìnà àgbègbè Abidjan, fi òfin de ọjà kíkiri ní ojú pópó. Ó dára kí ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lé olóúnjẹ kúrò lójú ọ̀nà, a máa lọ dá iná sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ojú oníbàárà kò dé, bẹ́ẹ̀ ojú oníbàárà náà ni wolé-wolé kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Port-Bouët, tí kò jìnnà sí Koumassi. Kọ́lẹ́rà kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá. Omi mímọ́ ni ó ń bẹ̀rù. Ẹ̀rọ omi kan ní ìkóríta, àti ibi tí wọ́n ti lè ra yìnyín lówó pọ́ọ́kú, yóò ṣe ju ọkọ̀ tí ń wó ìsọ̀ lọ.

Kí àwọn méyà tó gbọ́, oníbàárà ní ẹnu. Kí ó béèrè ìgbà tí ẹja dé, kí ó ní kí wọ́n bu omi mìíràn, kí ó sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ìyá ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóúnjẹ wọ̀nyí. Bí inú bá bí olóúnjẹ nítorí ìbéèrè náà, ilé oúnjẹ mìíràn kò jìnnà ní Remblais.