Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí Láti Inú

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ láàárín Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ̀ bí ẹni mowó: "Ẹ dúró, mò ń bọ̀ wá ṣí i láti ìta." Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á yí ọkọ̀ po, á fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, á fi orúnkún tì í díẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Òmíràn kò tiẹ̀ ní sọ̀ kalẹ̀. Èrò fúnra rẹ̀ ni yóò na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, tí yóò máa fọwọ́ wá ọwọ́ ilẹ̀kùn kiri lára irin tí oòrùn ti yan. A ó dúpẹ́, a ó gba ṣéńjì wa, a ó lọ. Kò sẹ́ni tó bínú. Àìbínú yẹn gan-an là ń bá jà níbí.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò ṣí láti inú ti bàjẹ́, ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́ kò sì yẹ kó gbé èrò. Ẹ má sọ fún wa pé "ó ní bí a ṣe ń ṣí i." Ẹ má sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni, ká ní sùúrù. Ìlú wa ni Karin Barber jókòó sí tó ń gbọ́ oríkì, títí ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù fi jáde ní 1991. Àwa tá a mọ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn lórúkọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣé ó yẹ kó ṣòro fún wa láti pe ìbàjẹ́ ní ìbàjẹ́?

Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun mọ àrùn yìí dáadáa. Bí ètò kan bá ní àṣìṣe, tí ẹnì kan wá rí i pé téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kejì kó tó tẹ àkọ́kọ́, nǹkan á lọ, àṣìṣe yẹn ti ríbi jókòó sí nìyẹn. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ti là, ta ló tún fẹ́ la títì? Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á máa fi kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun bí ẹni pé ara iṣẹ́ ni. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kọ̀, awakọ̀ bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé òun lè ṣí i láti ìta. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí wàhálà mọ́, nítorí pé òun kọ́ ni wàhálà náà ń bá. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá wọkọ̀: bí ilẹ̀kùn mẹ́ta kò bá ṣí, ẹyọ kan tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́, ti awakọ̀ ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tiwa ni bàtà yìí ń ta, ẹlòmíràn ló sì ń sọ fún wa pé kò dùn wá.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Ẹ ronú ìjókòó ẹ̀yìn: èèyàn mẹ́rin lórí ibi tí wọ́n ṣe fún ẹni mẹ́ta, báàgì lórí itan, ọmọ lórí báàgì. Gíláàsì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í wálẹ̀ tán. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì náà ńkọ́? Ẹyọ kan ló kù, ó wà nínú àpótí iwájú awakọ̀. Bí iná bá wá sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ọkọ̀ bá dojú dé sí kòtò, bí àgbàrá òjò bá gbé e, ẹni tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ wá ṣí i láti ìta lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dákú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí, a ti gbọ́ ọ, a ti rí i, a sì ń sanwó wọ inú rẹ̀ láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ olè tún ń bẹ. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń fún ọmọ tó ń lọ sí ìlú ńlá ni pé kó dán ilẹ̀kùn wò láti inú kó tó jókòó, torí àwọn "one chance" máa ń ba ọwọ́ ilẹ̀kùn inú jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gbé má lè bẹ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ló kù nínú rẹ̀ nígbà tí ti olóòótọ́ náà kò ṣí? Àmì tó yẹ kó ta wá lólobó ti di nǹkan ojoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń dá rin ìrìn àjò ní alẹ́ á fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò ní ṣí, á sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọkọ̀ wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Awakọ̀ tó fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ báyìí kì í ṣe olè, àmọ́ ó ń yá olè láṣọ wọ̀.

Wọ́n á ní ọkọ̀ ti gbó. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbó. Ìwádìí kan tí UNEP, ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde ní 2020 sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ni wọ́n kó láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì wá sí Áfíríkà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ wa, òun la ó sì máa wọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, "ó ti gbó" kì í ṣe àwáwí. Bí gbogbo ọkọ̀ wa bá jẹ́ àgbà, ìtọ́jú àgbà ló yẹ ká mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò nígbà náà. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀kùn: ọwọ́ tí à ń fà, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà tó ń gbé ìfà náà lọ, àti lọ́ọ̀kì tó wà létí ilẹ̀kùn, èyí tó ń gbá irin ara òpó ọkọ̀ mú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kílíìpù ike kan tí kò ju èékánná lọ ló so ọ̀pá náà mọ́ lọ́ọ̀kì tàbí mọ́ ọwọ́. Oòrùn ogún ọdún á gbẹ ẹ́, á kán lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ á wá máa mì lásán, ọ̀pá kò ní gbọ́. Tàbí kó jẹ́ pé gíríìsì tó wà nínú lọ́ọ̀kì látìgbà tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ti gbẹ, tí eruku ọyẹ́ ti pò mọ́ ọn, tó ti le bí àmàlà àná. Òjò náà ń gba etí gíláàsì wọlé. Wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè jáde, ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá dí i, omi á dúró síbẹ̀, irin á dógùn-ún.

Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ilẹ̀kùn mìíràn kò bàjẹ́ rárá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ wo etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ̀kì. Ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ṣeé gbé sókè sódò, tàbí tó ṣeé fi kọ́kọ́rọ́ yí. Nítorí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀: tó bá ti wà ní títì, èèyàn á fa ọwọ́ inú títí, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Òbí kan nílùú òyìnbó ló tì í nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ ti dé Òkukù, ọmọ náà á ti máa wa ọkọ̀ tiẹ̀ báyìí, àwa àgbàlagbà ṣì wà ní àtìmọ́lé rẹ̀. Ìka kan ló máa tú wa sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe? Ìdí kan ni pé ilẹ̀kùn kò ní olówó. Bó o bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, á ní ẹ́ńjìnì lòun ń ṣe, lọ bá páńẹ́bítà. Páńẹ́bítà á ní ara ọkọ̀ lòun ń nà, lọ bá rẹ́wáyà, ó lè jẹ́ lọ́ọ̀kì oníná. Rẹ́wáyà á yẹ ẹ́ wò, á ní iná dé ibẹ̀, kò kan òun. Wọ́n á wá fi okùn so ó, tàbí kí wọ́n jó o pa pátápátá, wọ́n á ní ó ti dáa. Àbí ẹ ò tíì rí ọkọ̀ tí èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọlé bí ẹni ń wọ ihò òkété?

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà rèé. Sikurúdíráfà, sípánà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, kẹrosíìnì díẹ̀ àti gíríìsì ti tó. Yọ sikurúù tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ ibi tí à ń gbé apá lé, kó o rọra fa pátákó inú kúrò lára àwọn kílíìpù rẹ̀. Má ya ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń dá omi dúró. Ní kí ẹnì kan máa fa ọwọ́, kó o máa wò. Bí ọwọ́ bá mì tí ọ̀pá kò mì, kílíìpù ni. Bí ọ̀pá bá mì tí lọ́ọ̀kì kò tú, lọ́ọ̀kì ló gan. Fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí irin inú rẹ̀ á fi máa ta padà fúnra rẹ̀, nù ún gbẹ, kó o wá fi gíríìsì tuntun sí i. Má da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnì sí i. Eruku ni yóò máa pè. WD-40, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1953 láti máa fi lé omi kúrò lára irin, dára fún títú ohun tó gan, ṣùgbọ́n kò rọ́pò gíríìsì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má tíì ti ilẹ̀kùn! Jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, fi sikurúdíráfà tẹ lọ́ọ̀kì pa bí ẹni pé ó ti gbá irin mú, kó o fa ọwọ́ inú, kó o tún un tẹ̀, kó o fa ti ìta. Bó bá tú lẹ́ẹ̀mejèèjì, o lè tì í. Ẹni tó bá tì í láì dán an wò lè máà rọ́nà ṣí i mọ́.

Èyí tí kò fẹ́ pa dé náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ mọ bí awakọ̀ ṣe máa ń lọgun: "Ẹ má gbá ilẹ̀kùn o! Ẹ rọra!" A gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ fi gíríìsì sí i kẹ́yìn? Nígbà tí ìdè ilẹ̀kùn bá ti jẹ, ilẹ̀kùn á wálẹ̀ díẹ̀, lọ́ọ̀kì kò ní bá irin òpó pàdé mọ́, èrò á sì gbá a ní tipátipá. Ká tún ìdè náà ṣe, tàbí ká tú irin òpó, ká sún un díẹ̀, ká dè é padà, ariwo tán. Ní Amẹ́ríkà, láti 1968 ni òfin tí wọ́n ń pè ní FMVSS 206 ti ń sọ irú agbára tí lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ilẹ̀kùn bá ṣí jù síta nínú ìjàǹbá sábà máa ń kú. Okùn tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wa kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

A ò ṣàì mọ̀ pé nǹkan le. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, ohun tó ń kù sọ́wọ́ awakọ̀ ti fá. Ṣùgbọ́n kílíìpù ike kan kò tó owó búrẹ́dì, gíríìsì inú agolo kan á sì tó ilẹ̀kùn gbogbo ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì. Ògún ló ni irin, awakọ̀ wa kì í sì í gbàgbé Ògún tí ọdún rẹ̀ bá dé. Ajá wà, epo pupa wà, ìbà wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé Ògún ló wá ní kí irin máa dógùn-ún?

Ohun tí à ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹni tó ń fún ọkọ̀ níwèé pé ó yẹ lójú pópó jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn láti inú kó tó fọwọ́ sí i. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Kí alága gáréèjì tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kó tó gba owó. Kí àwa èrò náà, pàápàá àwa ọ̀dọ́ tá a máa ń pariwo lórí fóònù, ṣe èyí tó kàn wá. Tó o bá wọlé, fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí kò bá ṣí, sọ̀ kalẹ̀, kó o sọ ìdí tó o fi sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo gáréèjì gbọ́. Awakọ̀ kan á bínú. Kó bínú. Bí èrò mẹ́rin bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kílíìpù á ti wà níbẹ̀ kó tó di ọ̀sán.