Ta Ló Ní Ọpọlọ Ìyá Wa Ti Gbẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbólóhùn kan wà nínú nóòtì báyọ́lọ́jì tá à ń há sórí: pé tí wọ́n bá ti bí èèyàn, ọpọlọ rẹ̀ kì í ní sẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́, èyí tó bá kú ti lọ nìyẹn. Mi ò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe tìtorí máàkì. Ọ̀rọ̀ yìí ti jáde ní kíláàsì, ó ti wọ àárín ìlú. Òun làwọn kan nínú wa fi ń dá ìyá wọn lẹ́kun bó bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ ìwé lálẹ́: "Màámi, ọpọlọ yín ti gbẹ, kí lẹ fẹ́ fi A-B-D ṣe?"

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Neuron tó ti dàgbà kì í pín. Stem cell ló ń pín. Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ wa ní Èrìò: wọn kì í jẹ iṣu tán, wọ́n á ya ẹbu sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni stem cell ṣe lè pín sí méjì: ọ̀kan á dúró bí ẹbu, èkejì á máa pín, á máa yí padà, títí á fi di neuron. Joseph Altman ti rí i lára eku láti nǹkan bí 1962, wọn ò kà á sí. Ní 1998, Eriksson àti Gage rí i lára èèyàn, nínú hippocampus, ibi tí ọpọlọ ti ń kó ohun tuntun pamọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Frisén ní Sweden. Bọ́ǹbù átọ́míìkì táwọn ìlú ńlá dán wò láyé ọjọ́un (Faransé dán tirẹ̀ wò ní Sàhárà ní 1960, Nàìjíríà bínú, ó lé aṣojú wọn lọ ní 1961) mú kí kábọ́ọ̀nù-14 pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó wọ ewéko, ó wọ oúnjẹ, ó wọ DNA. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wá gbé kábọ́ọ̀nù ọdún tí wọ́n bí i dání, bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Wọ́n kà á ní 2013: neuron tuntun bí 700 lójúmọ́, nínú hippocampus kọ̀ọ̀kan, lára àgbàlagbà!

Àríyànjiyàn ò tíì tán. Ní 2018 àwọn kan ní àwọn ò rí ọ̀kan lára àgbà. Ní 2025 ẹgbẹ́ Frisén tún rí èyí tó ń pín lọ́wọ́, lára àwọn àgbà kan, kì í ṣe gbogbo wọn. Mi ò sì sọ pé 700 máa sọ ìyá àgbà di púrọ́fẹ́sọ̀. Kékeré ni lára ohun tó wà lórí. Àmọ́ "ti gbẹ" kọ́ nìyẹn.

Tíṣà báyọ́lọ́jì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn kọ. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá sì béèrè bírò lálẹ́ òní, ẹ fún wọn, ẹ má rẹ́rìn-ín.