Lílé Kọ́ Ni Ìwòsàn Tramadol

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń sọ pé ẹnikẹ́ni tí àwọn bá bá tramadol lápò rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiwa ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àwa sọ pé rárá o!

Kí ló gbé oògùn yìí dé ẹnu alábàárù Ìdànrè? Ẹrù ni. Àpò kòkó kan wọ̀n ju 60 kílò lọ. L'ọ́dún 1967, ILO, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, gbani nímọ̀ràn pé níbi tí ẹrù tí ọkùnrin kan ń dá gbé bá ti ju 55 kílò lọ, kí wọ́n tètè dín in kù. Tiwa kò dín kù. Awakọ̀ tó ń kó kòkó lọ s'Ékòó, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń gbá a ní ìbàdí. Ẹni tí kò bá yọjú lónìí kò ní gbowó lónìí. Nígbà tí kò sí ìsinmi, tí kò sí dókítà, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ló kù.

Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé tramadol sọ́jà l'ọ́dún 1977, fún irora líle, lábẹ́ ojú dókítà. Bí ó bá pẹ́ lára, ara á mọ̀ ọ́n. Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bí a bá fi kún un. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mìlígíráàmù lọ, síbẹ̀ wọ́n ń ta 225 ní kọ̀rọ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ń fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní January 2019 fi hàn pé bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ló lo irú oògùn apàrora báyìí lọ́nà tí kò tọ́ láàárín ọdún kan. Ṣé gbogbo wọn la ó lé?

Àwọn kan ní, "Kí ó jáwọ́ lónìí!" Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni tó bá já a lójijì, òógùn á bò ó, inú á máa ṣí i, oorun á dá, irora á sì padà wá ní ìlọ́po. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín in kù, pẹ̀lú ìtọ́ni dókítà. Ní Amẹ́ríkà, iléewòsàn àwọn tó ti jagun rí bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ l'ọ́dún 2013. Wọ́n ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, àwọn tí irora ń bá jà sì ń jókòó papọ̀ sọ̀rọ̀. Iye àwọn tó ń gba oògùn náà ti dín kù ju ìdajì lọ.

Ẹ má pè é ní àṣà òyìnbó. L'ọ́dún 1954, ní Aro l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò mú kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò àhámọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọwọ́ kan náà kò lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, à ń béèrè pé:

1. Kí ẹ̀ka wa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ l'ọ́sẹ̀ fún àwọn tí irora ń bá jà, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dé etí mánéjà.

2. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wakọ̀ nígbà tí oògùn wà lójú rẹ̀. Ẹ̀mí èrò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn, pẹ̀lú owó rẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

3. Kí ènìyàn méjì máa gbé àpò kan, tàbí kí wọ́n dín àpò kù.

4. Kí agbanisíṣẹ́ san owó NSITF tí òfin 2010 là kalẹ̀, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù, kí ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe lè rí ìtọ́jú gbà.

Ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ru ọrọ̀ ìlú kì í ṣe pàǹtí tí à ń gbá dànù. Ẹ wá sípàdé, kí a jọ dìbò sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!