Omi Mímu, Àwọn Onílẹ̀, àti Ìbò Ọjọ́ Kẹsàn-án



Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti kọjá ní 5 oṣù Kejìlá. Èyí tó kàn ni ti gómìnà àti ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, ní Sátidé, 9 oṣù Kìíní ọdún 1999. A ti pinnu ní ìpàdé tó kọjá pé kí a kọ ìwé ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, PDP, APP àti AD, kí a sì tẹ ìdáhùn wọn jáde kí oníkálukú tó lọ tẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ omi ló dá ìpàdé náà rú. Àwọn kan ní kí a béèrè pé kí wọ́n fa páìpù omi dé àdúgbò wa ní Kawo, kí a sì fi mọ síbẹ̀. Èmi dá a lábàá pé kí a fi àwọn abúlé Gbagyi tó yí ìlú ká kún un, kí a sì béèrè iye tí ìjọba yóò máa yà sọ́tọ̀ fún omi wọn. Kí n tó jókòó, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ti dìde. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé àwọn onílẹ̀ ló rán ọ níṣẹ́ sí wa ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àkókò kò gbà mí láyè láti fèsì, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú pé kí ó fún mi ní ojú ewé méjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà pé ìyà omi ń jẹ àwa náà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni omi kànga àgbàlá wa ti ń fà sẹ́yìn, tí okùn àná kò fi dé omi òní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ti tò sídìí kànga aládùúgbò pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn tó lówó lọ́wọ́ sì ń dúró de àwọn mai ruwa tí ń ti ọmọlanke wọn kiri. Iye tí wọ́n ń gbà lónìí kọ́ ni wọn yóò gbà lọ́la. N kò sọ pé kí a pa ìyà tiwa mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ìlú. Kí Lugard tó tẹ Kaduna dó ní nǹkan bí ọdún 1913, kí wọ́n sì tó kó olú-ìlú Àríwá wá síbí láti Zungeru, àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, ló ń dáko ní etí odò yìí. Àwọn ni ẹ máa ń rí ní ọjà, àwọn obìnrin tí ń gbé igi ìdáná lé èjìká dípò orí. Iṣu tí a ń gún, àgbàdo tí a ń sun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ọwọ́ wọn wá. Ní ọdún tó kọjá mo bá ọ̀rẹ́ kan lọ sin ìyá rẹ̀ ní abúlé wọn, níbi tí ọkọ̀ kò ti rìn tó wákàtí kan láti Kawo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò kékeré tí wọ́n ń mu ti gbẹ, iyanrìn nìkan ló kù. Àwọn obìnrin gbẹ́ ihò sínú iyanrìn náà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fi ahá bu èyí tó bá sun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu epo. Màlúù ti tẹ ibẹ̀ ṣáájú wọn. Nítòsí ilé baálẹ̀, ẹ̀rọ afọwọ́fà kan dúró tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Mo béèrè ìgbà tó bàjẹ́. Ọmọkùnrin tí mo bi, tí yóò tó ẹni ogún ọdún, sọ fún mi ní èdè Hausa pé òun kò rántí ọjọ́ tí omi jáde níbẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé ìjọba kò náwó. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí a fi sínú ìwé wa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún omi mímu àti ìmọ́tótó. Ní 1986 ìjọba Babangida dá DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ní ìgbèríko. Kànga ẹlẹ́rọ, tí a ń pè ní bọ́ọ̀hóòlù, wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́ kiri orílẹ̀-èdè. Ní 1994, nígbà tí owó epo bẹntiróòlù gòkè, wọ́n fi owó tó lé lórí rẹ̀ dá PTF sílẹ̀, Ọ̀gágun Buhari sì ni alága rẹ̀. Omi wà nínú iṣẹ́ tiwọn náà. Owó kò ṣàì jáde. Níbo ló wọ̀? Inú gbígbẹ́ ni púpọ̀ rẹ̀ wọ̀. Gbígbẹ́ ni à ń ya fọ́tò rẹ̀, òun ni à ń gé rìbọ́ọ̀nù sí. N kò tíì rí gómìnà tó pe oníròyìn láti wá wo bí a ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà.

Bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú ẹ̀rọ afọwọ́fà, rọ́bà kan wà tí ń mú omi gòkè bí a ti ń tẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí gbogbo abúlé bá ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, yóò jẹ. Owó rẹ̀ kò tó owó ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń tú u, tí kò sí ibi tí a ti lè rà á, tí kò sì sí owó àtúnṣe nínú ìwé ìṣúná, kànga tó ná ìjọba lówó ńlá yóò di èèkàn ewúrẹ́. Bákan náà ló rí nínú ìlú. Ilé-iṣẹ́ omi tó wà ní Malali ń fa omi láti odò Kaduna. Ní ìgbà òjò odò náà máa ń pọ́n bí omi àgbo. Álọ́ọ̀mù ló ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ tí yóò fi rì, klorín ló ń pa kòkòrò, iná NEPA tàbí dísẹ̀lì ló sì ń tì í gòkè sínú páìpù. Èyíkéyìí tó bá wọ́n nínú wọn, a rí ìjàngbọ̀n. Ní ọdún yìí tí epo wọ́n tó báyìí, ẹ kò nílò àlàyé mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí páìpù bá ṣófo, omi gọ́tà lè gba ibi tó lu wọ inú rẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jáde nígbà tí omi bá padà dé. Ẹ máa da àkọ́jáde nù, ẹ má fún ọmọ mu.

Odò tí à ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ ibi tó gbà kọjá, ilẹ̀ Gbagyi ni. Ilé-iṣẹ́ aṣọ dé sí ìlú yìí ní 1957. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo dé ní 1980, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn sínú odò Romi, tí ń ṣàn wá bá odò Kaduna. Ní ìsàlẹ̀, ní Shiroro, wọ́n sé odò náà fún iná mànàmáná, ìdídò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990. Ilẹ̀ tí a yàn fún Abuja ní 1976, Gbagyi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbàkigbà tí Nàìjíríà bá nílò omi, iná tàbí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbé Kaduna, síbẹ̀ bí ọmọ wọn bá ń wá iṣẹ́ tàbí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́, a óò gbọ́ pé kí ó mú ìwé ọmọ onílẹ̀ wá. Ó dùn wọ́n. Ó dun èmi náà. Ẹni tí a ń pè ní àlejò títí ayé, kí ló kàn án nínú ọ̀ràn onílé? Ṣùgbọ́n Gbagyi ní ìwé yẹn lọ́wọ́, ihò inú iyanrìn ló sì ń mu. Ìwé ọmọ onílẹ̀ kò pọnmi fún un. Bí ìjọba bá gbàgbé ẹni tó pè ní onílẹ̀, kí ni yóò mú un rántí àwa?

Ẹ sì jẹ́ kí a ṣe ìṣirò òṣèlú. Àwa Yorùbá kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Olùdíje tó bá gba ìwé tí kò sọ ju Kawo lọ, yóò kà á, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò fi pamọ́. Ó tilẹ̀ lè lọ sọ fún àwọn ará abúlé pé àwọn àlejò ìlú fẹ́ gba omi wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwa àti àwọn baálẹ̀ Gbagyi bá jọ fọwọ́ sí, kò ní rọrùn fún un láti fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé bí kò tilẹ̀ sí èrè kankan fún wa níbẹ̀, n ó ṣì dá àbá náà nítorí ohun tí ojú mi rí. Ẹni tí ìyẹn kò bá tó fún, kí ó rántí pé onígbáméjì kì í béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀ kí ó tó wọ ìlú.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó ní 1908, àwọn baba wa kọ̀. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, pé ìrọ̀rùn Òyìnbó ni iṣẹ́ náà wà fún. Dókítà Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà, ọ̀ràn owó omi sì wà lára ohun tó bí i. Iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ ní 1915 síbẹ̀síbẹ̀, a sì ń mu ún di òní. Bóyá wọ́n jàre tàbí wọn kò jàre, ìbéèrè wọn tọ̀nà: ta ni iṣẹ́ yìí wà fún, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní àlá ni mò ń lá. Àwọn tó dàgbà ní ìgbèríko ilẹ̀ wa kò tíì gbàgbé sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní i ní Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Inú adágún omi ni wọ́n ti ń mu ún. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ asẹ́, kànga tó mọ́, àti ẹni tí a yàn ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ọ ló lé e sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé lónìí iye rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún ti ìgbà náà. Ẹni tí a yàn ní abúlé kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ nìyí. Kí olùdíje kọ̀ọ̀kan sọ, nínú owó omi tí yóò yà sọ́tọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, èló ni ti àtúnṣe, èló ni ti gbígbẹ́ tuntun. Kí ó ka àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ kí ó tó gbẹ́ òmíràn. Kí ó dárúkọ àwọn abúlé, ní Igabi, ní Chikun, níbikíbi, kí ó má kàn sọ fún wa pé "ìgbèríko". Kí a mọ ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀rọ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí obìnrin sì wà nínú wọn, nítorí àwọn ló ń pọnmi. Kí páìpù Kawo wà nínú ìwé kan náà, n kò yọ ọ́. Bí olùdíje kan bá fèsì pé gbogbo ènìyàn ni yóò ní omi kí ọdún 2000 tó dé, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀yin ó sì mọ ohun tí ẹ ó fi ìka yín ṣe.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó parí ìwé náà. Bí ẹ̀gbọ́n wa kò bá tíì gbà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a jọ lọ sí abúlé yẹn ní Sátidé, 2 oṣù Kìíní. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá ń gbààwẹ̀, a ó dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kí wọ́n ṣáà mú ife wọn dání.